Ọ̀rá Tí Wọ́n Kàn Sí Ìta

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ìwọ̀n Hedley ọkọ mi sílẹ̀ láràárọ̀, kí n sì máa kọ ohun tó jẹ. Ó ní bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣàdédé gòkè, omi ni, kì í ṣe ẹran ara, ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè lé omi jáde mọ́. Ẹ̀yìn ìwé yìí ni mo ń kọ ìyẹn sí. Iwájú ìwé, tèmi ni.

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kan wá láti ilé ìwòsàn lónìí, a sì tò ó sí ilé ìdáná nítorí pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Garland àbúrò rẹ̀ àti Cyril ará ilé kejì ló bá mi gbé e wọlé. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ tán, àwọn méjèèjì padà sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀ tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n ń yí fìlà lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó.

Garland ní, "Rárá, Elvina, a ò ní pẹ́."

Ọkùnrin tó ti ń jẹun nídìí tábìlì yẹn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí! Bẹ́ẹ̀dì ti sọ ọ́ di àlejò. Wọn kò pẹ́ lóòótọ́.

Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, kùrukùru bo etíkun látàárọ̀.

Àbámẹ́ta, 18

Ọbẹ̀ ẹ̀wà, láìní iyọ̀. Hedley ní omi gbígbóná tí ẹ̀wà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ó bi mí pé ta ló wà ní ilé ọkọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní, "Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta?" Ó kọjú sí fèrèsé. Ojú òkun ni fèrèsé yẹn kọ sí, kò lè rí ilé ọkọ̀ láti ibi tó sùn sí. Ọkọ̀ kankan kò wọ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti kọ́ ọ. Àga ló wà níbẹ̀, ààrò onírin àtijọ́ kan, irinṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọkùnrin. Wọ́n kì í kan ilẹ̀kùn, wọ́n kì í bọ́ bàtà, bí wọ́n bá sì ti jókòó, ó di ìrọ̀lẹ́. Ní báyìí tí kò lè lọ síbẹ̀, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa wá bá a níbí. Inú bí mi sí wọn gidigidi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ibi.

Ọjọ́rú, 22

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá Hedley lè máa jókòó ní ilé ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi yí. Ó ní òtútù ni kí n bẹ̀rù jù lọ, iyọ̀ ló tẹ̀ lé e. Mo ní tí ibẹ̀ bá gbóná bí ilé ìdáná yìí ńkọ́? Ó ní, "Tó bá gbóná bí ibí, kí ló dé tí kò ní lọ?"

Ìyẹn tó mi. Mo pe Garland lórí fóònù. Mo ní, "Ilé ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gbóná kí Kérésìmesì tó dé. Òwú tí wọ́n ń kì sínú ògiri, ọ̀rá tí kò ní jẹ́ kí omi wọ ọ́, pákó, gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ bó o ṣe máa ṣe é."

Ó ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá ohun tí mo lè ṣe."

Àìkú, 2 oṣù Kọkànlá

Yìnyín àkọ́kọ́, kò dúró. Òwú ògiri ti wọ́n sí i, ẹni tó tà á fún mi ní epo ọkọ̀ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni epo ń wálẹ̀ láti ìgbà ooru. Mo sanwó, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un.

Mò ń gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìn ilé látàárọ̀. Bàbá Selby náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ni wọ́n kan ìdajì ọkọ̀ ojú omi tó wà ní èbúté yìí, àwọn àti Garland. Wọ́n tú gbogbo pákó ìta tó ti jẹrà kúrò, òpó nìkan ló kù. Igi tútù ni wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀, èyí tí Cyril gé nínú igbó ní oṣù tó kọjá. Hedley ń gbọ́ òòlù, ó ń fi ìka lu etí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń dún. Ó jẹun dáadáa lónìí.

Àìkú, 9

Wọ́n wọlé lónìí bí ẹni tó pa àbùùbùtán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, wọn kò ráyè mira.

Garland ní, "Hedley, ó ti parí níta. Afẹ́fẹ́ ò ní rí ojú abẹ́rẹ́ gbà wọlé."

Hedley ní, "Ẹ ti kan ọ̀rá?"

"Kí òwú tó wọlé rárá la ti kàn án. A nà án sára òpó, a kan pákó lé e."

"Apá ibo lẹ kàn án sí?"

Garland rẹ́rìn-ín. "Apá òkun ni, àti gbogbo ara ìta. Ṣé ibòmíràn wà tí omi ń gbà wọlé ni?"

Bàbá Selby ní, "A fi ọ̀dà dí gbogbo ojú ibi tí ọ̀rá ti pàdé ara wọn, ọmọ mi. Bá a bá tì í sómi, á léfòó. Olólùfẹ́," èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, "bí òkun bá gun òkè wá lọ́dún yìí, inú ilé ọkọ̀ ni kí ẹ sá sí."

Hedley wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Iṣẹ́ yín dára. Ẹ ṣé gan-an." Inú Garland dùn débi pé ó gbàgbé láti dé fìlà nígbà tó ń jáde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ló sọ fún mi. Ó ní òdì ni wọ́n kàn án sí. Kí ó tó padà wálé fẹ́ mi, káfíńtà ni ní Goose Bay, ilé àwọn sójà ni wọ́n ń kọ́, ó sì ti rí ògiri tó jẹrà nítorí ohun tí wọ́n ṣe yìí. Ó ní, "Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kàn, Elvina. Nínú ọkọ̀, ìta ni omi wà. Nínú ilé tí iná ń jó, inú ni omi wà. Èémí, kẹ́tù, ìbọ̀wọ́ tó tutù. Gbogbo ìyẹn á gba inú òwú kọjá, á lọ bá ọ̀rá tó tutù níta, á sì di yìnyín síbẹ̀. Inú ló yẹ kí ọ̀rá wà, lápá ibi tó gbóná, kí èémí má ráyè wọ ògiri rárá."

Mo ní màá pè wọ́n padà.

"Má pè wọ́n."

"Kí wọ́n kan òmíràn sí inú nígbà náà."

"Kí igi tútù wá há sáàárín ọ̀rá méjì? Ìyẹn burú ju èyí lọ. Wọ́n ní láti tú gbogbo rẹ̀ ni. Yìnyín á sì dé bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ó di ìgbà ooru nìyẹn." Ó sinmi kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ìgbà ooru wo ni mo ní?"

Mo bi í pé ọdún mélòó ni ògiri bẹ́ẹ̀ máa lò kó tó jẹrà. Ó ní ó lè lo márùn-ún.

"Ó pọ̀ tó fún mi," ni ohun tó wí.

Mo ní, "Kò pọ̀ tó fún èmi." Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ìṣẹ́gun, 11

Ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú sógun. N kò lọ síbi òkúta ìrántí. Inú ṣì ń bí mi sí Hedley. Nítorí kí ojú má bàa ti Garland, èmi ló máa kù pẹ̀lú ilé tó ń jẹrà. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́."

Àìkú, 23

Wọ́n ti kó òwú wọ gbogbo ògiri, wọ́n sì ti ń kan pákó inú. Mo lọ wò ó. Ó dára lójú, ojú ibi tí pákó ti pàdé ara wọn kò hàn níbì kankan, bí inú ọkọ̀ tuntun ló rí lóòótọ́. Garland ń tẹ̀ lé mi kiri, ó ń dúró kí n yìn ín. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó dára, Garland." Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kejìlá

Ìjì láti Ọjọ́rú. Ọkọ̀ ojú omi kò sọdá, páìpù èéfín tuntun tí ààrò ilé ọkọ̀ ń dúró dè wà ní òdìkejì. Ìwọ̀n rẹ̀ gòkè.

Àìkú, 28

Mo rò pé àwọn tó máa ń fi nǹkan bojú, tí wọ́n ń jó láti ilé dé ilé nígbà Kérésìmesì, kò ní yà sí wa lọ́dún yìí. Ta ló máa gbé ìbòjú Kérésìmesì wá bá ẹni tó ń ṣàìsàn? Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ òní, ilẹ̀kùn ṣí láìjẹ́ pé ẹnì kan kàn án, àwọn mẹ́ta wọlé: ọ̀kan wọ aṣọ obìnrin, ọ̀kan fi àpò ìrọ̀rí bo orí, ọ̀kan tẹ̀ bí abuké, ó fi irù ẹṣin bojú. Wọ́n ń fi èémí àfàsínú sọ̀rọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe kí a má bàa mọ ohùn wọn. Wọ́n jó. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì! Èyí tó wọ aṣọ obìnrin jókòó sórí ẹsẹ̀ Hedley gan-an, ó ń tọrọ pé kó fẹ́ òun. Hedley rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rù.

Ó ní, "Mi ò lè fẹ́ ọ, irùngbọ̀n rẹ ju ti ìyàwó mi lọ. Ṣí ojú rẹ, Garland."

Wọ́n ní láti ṣí ojú nígbà tí a bá ti dárúkọ wọn, àṣà ni. Garland ṣí ojú. Bó ṣe ṣí i tán ló dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Cyril náà dìde. Bàbá Selby fi ọwọ́ gbá irù ẹṣin yẹn kúrò lójú. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn ti wà lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n ń bi í pé báwo ni ara.

Mo bọ́ sí yàrá, mo sunkún díẹ̀, mo padà wá bu àkàrà òyìnbó fún wọn.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kìíní

Ọjọ́ Kérésìmesì Àtijọ́, ìparí ọjọ́ méjìlá ọdún Kérésìmesì. Hedley wọ ilé ọkọ̀ lónìí.

Páìpù dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti ń dáná láti àná. Wọ́n fi aṣọ ìbora mẹ́rin dì í, wọ́n gbé e sórí pákó àfàlọ tí Cyril fi ń kó igi ìdáná, wọ́n fà á kọjá nínú yìnyín. Hedley ní, "Igi tútù lẹ gbé yìí o, kò ní jó." Wọ́n gbé e sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri apá òkun. Wọ́n yí i ká, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, kò sì sí ẹni tó ń yí fìlà lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Ara tu Hedley bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo gbé kẹ́tù wá láti gbé e lé ààrò. Ó rí mi. Ó ní, "Gbé e padà sílé, Elvina. Se é níbẹ̀."

Bàbá Selby ní, "Ààrò láìsí kẹ́tù lórí rẹ̀? Àìsàn ti sọ ọ́ di aláṣejù, ọmọ mi."

"Ariwo rẹ̀ ń dà mí láàmú."

Ó tún ní kí wọ́n má sá ìbọ̀wọ́ wọn tó tutù sí ibẹ̀, òórùn rẹ̀ ń dà á láàmú. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n kó ìbọ̀wọ́ lọ kọ́ síta. Èmi nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń dín èémí ilé náà kù níwọ̀n tó lè dín in kù. Ṣùgbọ́n kò lè ní kí wọ́n má mí.

Àbámẹ́ta, 10

Ó lọ lánàá, ó tún lọ lónìí. Òtútù líle, òkun ti ń dì. Wọ́n ń jó igi bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni, Cyril ló ń kó o wá. Inú kò bí mi mọ́. N kò tún lè bínú sí ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 25

Orí ìṣó ara pákó ti ń làágùn. Bàbá Selby ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n ní, "Garland, ọkọ̀ rẹ ń jò."

Ojú Garland yí padà. Ó wọ kóòtù, ó gbé ìkòkò ọ̀dà kaná, ó gun àkàbà nínú afẹ́fẹ́ tó lè gé etí ènìyàn, ó ń wá ibi tí omi ń gbà wọlé. A ń gbọ́ ọ tó ń kùn níta. Ó tún ọ̀dà kùn lórí ọ̀dà, ó sì wọlé pẹ̀lú imú tó pọ́n bí ata. Ó ní, "Mo ti rí i. Igun kan ni. Mo ti dí i."

Hedley ní, "O ṣé, àbúrò." Ó wò mí. Mo wo inú ife mi.

Nígbà tí a padà sílé, ó ní, "Èmi àti ògiri yẹn, àrùn kan náà ló ń ṣe wá. Omi tí kò rọ́nà jáde." Ó rò pé màá rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 8 oṣù Kejì

Ìwọ̀n rẹ̀ gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú dé orúnkún. Nọ́ọ̀sì fi kún oògùn. Ó ní kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kí n pe Verna. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Alberta ló wà, ọ̀nà jìn. Mo pè é. Ó ní òun ń bọ̀, tí ojú ọjọ́ bá gbà.

Àìkú, 15

Garland wá, ó dúró sórí ẹní. Ó sọ̀rọ̀ nípa ògiri nìkan, pé omi orí ìṣó ti dì, pé òun máa wá ọ̀dà tó dára sí i. Nígbà tó lọ, Hedley ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ohùn rẹ̀ ti kéré. Ó ní, "O ṣì ń bínú nípa ọ̀rá yẹn."

Mo ní rárá.

"Má sọ fún un títí ògiri fúnra rẹ̀ á fi sọ. Tí mo bá lọ tán, kò ní mọ bó ṣe máa wọlé wá bá ọ. O mọ̀ ọ́n. Ó máa gbé ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, á sì sá lọ. Jẹ́ kí iṣẹ́ kù fún un níbí."

Ìgbà tí mo rò pé ojú tó máa ti Garland ló ń rò, èmi ló ń rò. Mo gbé orí mi lé aṣọ ìbora rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń dún bí omi inú ìgò. Ó fi ọwọ́ sí mi lórí, ó sì sùn.

Ọjọ́bọ̀, 19

Hedley kú ní àárọ̀ yìí. N kò kọ ìwọ̀n kankan.

Àìkú, 22

Verna dé lánàá, ọkọ̀ òfuurufú pẹ́ nítorí yìnyín. Ó rù.

Ilé ọkọ̀ la tẹ́ Hedley sí. Garland ló bẹ̀bẹ̀ fún un, mo sì gbà. Wọn kò dáná. Gbogbo èbúté wá, wọ́n tò yí ògiri ká nínú kóòtù, àwọn ọkùnrin tó máa ń wá lọ́sàn-án sì jókòó sí àyè wọn. Wọ́n fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Òtútù pọ̀ débi pé mo ń rí èémí olúkúlùkù tó ń jáde lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń kọrin. Ti Bàbá Selby tẹ́ẹ́rẹ́, ti Cyril nípọn. Ti Verna ń já. Mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo àpótí. Ti Hedley nìkan ni kò sí.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ibojì, ilẹ̀ ti le bí òkúta.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹta

Verna ti padà. Wọ́n wá kó bẹ́ẹ̀dì lọ. Àyè tó ṣẹ́ kù ní ilé ìdáná tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń yà bàrá kí n má bàa kọlu ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àìkú, 22

Mo bá odindi itan mọ́ọ̀sì, ẹran igbó tó tóbi ju màlúù lọ, lórí ẹní ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Itan ẹran yẹn lè bọ́ ìdílé kan. Èmi nìkan ló wà níbí, ta ló máa jẹ ẹ́?

Àìkú, 5 oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Verna pè. Ó ní kí n ta ilé, kí n wá bá wọn. Mo ní n kò lè ta ilé tí ògiri rẹ̀ ní àrùn fún ọmọlúàbí. Ó ní àrùn wo? Mo ní a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà míràn.

Àbámẹ́ta, 18

Afẹ́fẹ́ gúúsù. Yìnyín orí òrùlé ń yọ́, ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀. Mo ṣí ilé ọkọ̀ láti wá ṣọ́bìrì, mo sì rí omi tó ń sun láti abẹ́ pákó, lẹ́yìn àga Hedley, tó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Mo dúró wò ó. Lẹ́yìn náà mo lọ pe Garland. Mo ní, "Ògiri rẹ ń jò."

Ó ní, "Màá wá."

Àbámẹ́ta, 2 oṣù Karùn-ún

Ó pẹ́ kó tó wá, yìnyín òkun kó àwọ̀n rẹ̀ lọ, ó ń ṣe òmíràn. Ó dé lónìí pẹ̀lú irin ìtúṣòó. Kò wọ ilé, ó gba ẹ̀yìn lọ tààrà. Mo tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn àga Hedley ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tú pákó inú kan, ó tú èkejì. Ó fa òwú jáde, ó wúwo bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò fún omi rẹ̀. Lẹ́yìn òwú ni ọ̀rá wà, yìnyín sì bo gbogbo ara ọ̀rá náà, funfun, ó nípọn bí ọwọ́ mi, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òòrùn kì í débẹ̀, kò sì tíì sí iná nínú ilé yẹn láti oṣù Kejì. Ó ti ń yọ́ létí, ó ń kán.

Garland dúró. Ó ní, "Òkun ló gbà wọlé. Mi ò dí i dáadáa." Ó fi ìka gbo yìnyín, ó tọ́ ọ wò bí a ṣe máa ń tọ́ omi ìdí ọkọ̀ wò láti mọ ibi tó ti wá. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀."

Mo ní kò sí.

"Òjò náà kọ́. Òjò á mú ọ̀dà wọlé, ojú rẹ̀ kò ní mọ́ báyìí." Ó wo ọ̀rá, ó wo ààrò, ó wo àwọn àga. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. "Inú ló ti wá. Èémí wa ni." Ó rọra gbé irin sílẹ̀. "Òdì la kàn án sí."

"Òdì ni."

"Hedley mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ wá sọ fún un."

"Ó wá jẹ́ kí n máa gun àkàbà pẹ̀lú ọ̀dà nínú òtútù yẹn!"

"Ó ní imú rẹ máa ń wu òun wò tó o bá wọlé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu ojú. Mo jẹ́ kó pẹ́ bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ká ní wọ́n tú u nígbà náà, Hedley ì bá má jókòó níbí rárá. Mo sọ fún un ohun tó kù tí ọkọ mi sọ, nípa ẹja lẹ́nu ọ̀nà àti iṣẹ́ tó yẹ kó kù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó gbé irin náà. Ó ní òun máa ha yìnyín yẹn kúrò kíákíá kí ògiri lè gbẹ, kí òun lè kan ọ̀rá tuntun sí inú, sí ibi tó yẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Èémí tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀," ni ohun tó wí.

Mo ní, "Ó wà."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó yọ́ fúnra rẹ̀, ògiri kò sá lọ síbì kankan. A ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. A gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, a dúró, a ń gbọ́ bó ṣe ń kán sínú rẹ̀, kò yára.

Nígbà tó yá, mo ní, "Mo ní mọ́ọ̀sì tí mi ò lè jẹ tán. Wá jẹun."

Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró sórí ẹní, ó bọ́ fìlà. Mo ti kọjá sídìí ààrò, n kò bojú wẹ̀yìn, mo gbé kẹ́tù kaná. Mo gbọ́ ìró bàtà kan, lẹ́yìn náà èkejì, tó bọ́ sórí ẹní. Ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ó fa àga, ó jókòó sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Ó mu ife tíì méjì.